Kámẹ́rà tó ń fa òṣùpá sún mọ́lé, àbí èyí tó ń ríran lóru? Ohun tójú onífótò kan rí l'Ẹ̀gbẹ́dá kó tó yan ọ̀kan

Ẹni tó bá gba Ẹ̀gbẹ́dá kọjá lọ́jọ́ Sátidé kò ní í ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bèèrè bóyá àwọn ará ibẹ̀ fẹ́ràn òde àríyá. Láti Ìyànà Ìpájà wá, títí tí èèyàn yóò fi máa lọ sí Ìdímù, bí wọ́n ṣe ń na kánópì sójú títì níhìn-ín, bẹ́ẹ̀ ni alága ìdúró àti alága ìjókòó ń bá ara wọn fà á nínú gbọ̀ngàn lọ́hùn-ún. Ìkómọ ń lọ lọ́wọ́, ìgbéyàwó ń lọ lọ́wọ́, wọ́n sì ń ṣe òkú àgbà. Níbikíbi tí irú ẹ̀ bá ti ń ṣẹlẹ̀, àwọn onífótò ò ní í jìnnà síbẹ̀. Àwọn ni wọ́n máa ń na ara wọn sílẹ̀ gbalaja bí ẹni tó ń wá owó tó bọ́ sábẹ́ àga, kí wọ́n lè rí gèlè ìyàwó yà dáadáa.

Ọ̀kan nínú wọn lọ̀rọ̀ yìí kàn. Baba Ìbejì ni gbogbo àdúgbò ń pè é, ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ ò sì jìnnà sí ọ̀nà Ìdímù. Láàárín ọ̀sẹ̀, fọ́tò pélébé tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ fọ́ọ̀mù ló ń yà. Tó bá di òpin ọ̀sẹ̀, á gbé àpò kọ́rùn, ó di òde. Ìyàwó ẹ̀, Ìyá Ìbejì, ń ta mílíìkì, ṣúgà àti bísíkíìtì níwájú ṣọ́ọ̀bù kan náà. Ibẹ̀ ni owó ilé-ìwé ọmọ ti ń jáde, ibẹ̀ náà ni owó ilé ti ń jáde. Ohun tí àwọn èèyàn ò mọ̀ ni pé fún bí oṣù méjì gbáko, ọkùnrin náà ò sùn dáadáa. Kámẹ́rà méjì ló ń bá a jà lójú oorun.

Bọ́rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Kámẹ́rà tó ń lò tẹ́lẹ̀, irú èyí tí lẹ́ǹsì ẹ̀ kì í yọ ni. Tèèyàn bá ti tẹ bọ́tìnì kan báyìí, lẹ́ǹsì á máa gùn síta bí ọrùn ìjàpá, ohun tó wà lọ́ọ̀ọ́kán á sì sún mọ́ tòsí. Kámẹ́rà afárá làwọn òyìnbó ń pè é, torí pé ó wà láàárín kámẹ́rà kékeré tí wọ́n ń kì bọ àpò ṣòkòtò àti kámẹ́rà ńlá àwọn ọ̀gá. Àwọn onífótò Ẹ̀gbẹ́dá ò bá ti afárá lọ ní tiwọn, "súùmù ńlá" ni wọ́n ń pè é. Ó ti pẹ́ lọ́wọ́ Baba Ìbejì, ó sì ti bá a wá oúnjẹ dáadáa.

Àfi ọjọ́ tí ìdílé kan ládùúgbò pè é sí ọjọ́ ìbí màmá wọn tó pé ọgọ́rin ọdún. Òde alẹ́ ni. NẸ́PÀ mú iná lọ kí wọ́n tó gé kéèkì, jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n tàn ò sì gbé ju gílóòbù mélòó kan lọ. Màmá wọ léèsì funfun, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń fọwọ́ ara ẹ̀ fi kéèkì sẹ́nu ọmọ-ọmọ ẹ̀. Baba Ìbejì ò ráyè kọjá láàárín èrò, ló bá dúró lẹ́yìn, ó fa Màmá sún mọ́ tòsí, ó yà á. Ó wò ó lójú kékeré tó wà lẹ́yìn kámẹ́rà, ó dáa. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní kékeré, wọ́n fi í sínú álúbọ́ọ̀mù, kò sẹ́ni tó ráhùn.

Kò tó oṣù kan sígbà náà ni Màmá kú. Nígbà táwọn ọmọ wá sí ṣọ́ọ̀bù, fọ́tò ibi tí Màmá ti ń rẹ́rìn-ín yẹn ni wọ́n ní àwọn fẹ́ fi ṣe pósítà, wọ́n sì tún fẹ́ ńlá kan tí wọ́n máa gbé síwájú pósí. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ. Bí wọ́n ṣe ń fẹ fọ́tò náà lójú kọ̀ǹpútà, bẹ́ẹ̀ ni ojú Màmá ń di iyanrìn. Èèyàn ò mọ ibi tí ìlà ojú parí sí mọ́, léèsì funfun wá dà bí ìgbà tí wọ́n ku eérú sí i. Àkọ́bí Màmá, obìnrin tí òun fúnra ẹ̀ ti ń hu ewú, wo fọ́tò náà títí. Ó ní, "Baba Ìbejì, ṣé màmá wa náà nìyí?" Kò pariwo, kò bú u. Ṣùgbọ́n ìbéèrè yẹn dun ọkùnrin náà ju èébú lọ. Fọ́tò pélébé àtijọ́ kan, tí Màmá ti fajú ro bí ẹni tí wọ́n jẹ lówó, ni wọ́n padà lò sínú pósítà.

Ẹni tó bá sọ pé fọ́tò lásán ni, onítọ̀hún ò mọ Yorùbá. Lọ́dún 1975, òyìnbó Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Stephen Sprague lọ sí Ìlá Ọ̀ràngún láti wo bí àwọn onífótò ibẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́, ó sì kọ ohun tó rí síta lọ́dún 1978. Ó bá a níbẹ̀ pé tí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, àwọn onífótò máa ń ya èyí tó kù lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á wá tẹ méjèèjì pa pọ̀ sójú ìwé kan kó lè dà bíi pé Táyé àti Kẹ́hìndé jọ jókòó ni. Fọ́tò yẹn ni àwọn ìyá kan fi ń rọ́pò ère ìbejì. Ibi tí fọ́tò wà lọ́dọ̀ wa nìyẹn. Tó bá bà jẹ́, kì í ṣe bébà ló bà jẹ́.

Lọ́jọ́ tí ojú Màmá di iyanrìn ni Baba Ìbejì ti pinnu pé tí àjọ bá ti kan òun, kámẹ́rà mìíràn lòun máa fi rà. Ó gbà pé ogbó ló ti dé sí tọwọ́ òun. Lójú tiẹ̀, tóun bá ti rí tuntun tí súùmù ẹ̀ tún jù bẹ́ẹ̀ lọ, wàhálà parí.

Nígbà tí àjọ kàn án, ó wọ ọkọ̀ Ìkẹjà, ó sọ̀ sí Kọ̀ǹpútà Fílééjì. Nínú ṣọ́ọ̀bù kan níbẹ̀, ẹni tó ń ta ọjà gbé kámẹ́rà méjì síwájú ẹ̀. Àkọ́kọ́ ni Nikon P900, súùmù ńlá tó jáde lọ́dún 2015, tó ń fa nǹkan sún mọ́ ní ìlọ́po 83. Èkejì ni Nikon D7200, tòkunbọ̀, òun náà jáde lọ́dún 2015. Irú kámẹ́rà tí wọ́n ń pè ní DSLR ni, tí dígí kan wà nínú ẹ̀ tó máa ń gbéra sókè "kpá" nígbà tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, tí wọ́n sì lè yọ lẹ́ǹsì ẹ̀ kí wọ́n ki òmíràn bọ̀ ọ́. Owó àjọ yẹn tó ra súùmù ńlá, tòun ti àpò àti bátìrì kejì, kó tún ku díẹ̀ tí wọ́n máa fi jẹun. Tó bá jẹ́ DSLR ni, àgbá kámẹ́rà àti lẹ́ǹsì kékeré kan ṣoṣo ló tó o rà, wọ́n sì máa fi gààrí mu omi lóṣù yẹn.

Ọlọ́jà ò fi àkókò ṣòfò. Ó ní, "Ọ̀gá mi, ẹ jẹ́ ká jáde síta." Bí wọ́n ṣe jáde ni ọkọ̀ òfuurufú kan ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí pápákọ̀ Muritala Muhammed. Ọkùnrin náà kọ lẹ́ǹsì sókè, lẹ́ǹsì gùn, ó gùn, lẹ́tà tí wọ́n kọ sára ìrù ọkọ̀ òfuurufú bá hàn kedere. Ó tún fi òṣùpá tí wọ́n fi irú kámẹ́rà kan náà yà hàn án, tí gbogbo kòtò inú ẹ̀ dà bí ojú àmọ̀ tí òjò pa. Baba Ìbejì lanu, kò lè pa á dé. Ó kù díẹ̀ kó kówó sílẹ̀, Ọlọ́run ló ní kó rántí pé Ìyá Ìbejì náà dá sí àjọ yẹn. Ó ní òun ń bọ̀.

Nígbà tó dé Ẹ̀gbẹ́dá, gbogbo èèyàn ló di ọ̀jọ̀gbọ́n kámẹ́rà. Bàbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ ní kámẹ́rà tó bá ríran dé òṣùpá, kí ló fẹ́ ṣòro fún un nínú gbọ̀ngàn? Ọ̀rẹ́ ẹ̀ kan tó ń ṣiṣẹ́ fótò n'Ígandò ní kó má wulẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì, pé irú ẹ̀ lòun ń lò, kò sì já òun kulẹ̀ rí. Òótọ́ ni ọ̀rẹ́ yìí ń sọ o. Eré ìje àwọn ọmọ ilé-ìwé ló ń yà, àti bọ́ọ̀lù, àti eégún tó ń jó lójú agbo. Ọ̀sán gangan, inú oòrùn, ibi tí wọn ò ti ní í jẹ́ kí onífótò wọ àárín. Ó lè jókòó sábẹ́ igi kó ya ọmọ tó ń sáré ní ìpẹ̀kun pápá, kí òógùn iwájú orí ẹ̀ hàn. Àwọn òbí ń ra fọ́tò yẹn bí àkàrà.

Ọmọṣẹ́ Baba Ìbejì ní tiẹ̀ sọ pé, "Ọ̀gá, DSLR ni kẹ́ ẹ rà, sà. Oníbàárà tó bá rí kámẹ́rà ńlá lọ́rùn yín ò ní í ná yín wálẹ̀." Ìyá Ìbejì wá bi í pé nígbà tí TY Bello ya Ọlájùmọ̀kẹ́ Orísàgúnà tó ń ta búrẹ́dì lọ́dún 2016, tí gbogbo ayé ń sọ̀rọ̀ obìnrin náà, ta ló bèèrè orúkọ kámẹ́rà? Ọmọ náà ò rí èsì fọ̀.

Nígbà tí orí ń dà á rú ju bó ṣe yẹ lọ, Baba Ìbejì gbéra lọ sí Muṣin, lọ́dọ̀ bàbá àgbà tó kọ́ ọ níṣẹ́. Bàbá yìí ti fọ fíìmù nínú yàrá òkùnkùn kí ẹnikẹ́ni tó mọ mẹ́mírì káàdì. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọ̀gbẹ́ni, òṣùpá tí wọ́n fi hàn ọ́ yẹn, kí ló ń tànmọ́lẹ̀ sí i?"

"Oòrùn ni, sà."

"Ó dáa. Ìwọ rò pé alẹ́ ni, ọ̀sán gangan ló wà lójú òṣùpá. Ìdí nìyẹn tí kámẹ́rà ṣe rí i yà. Màmá tó o yà lálẹ́ ńkọ́, kí ló tànmọ́lẹ̀ sí tiẹ̀?"

Baba Ìbejì ò lè dáhùn.

Bàbá wá là á yé e. Ó ní nínú gbogbo kámẹ́rà ayé òde òní, pátákó kékeré kan wà tí ìmọ́lẹ̀ ń bọ́ sí, òun ló rọ́pò fíìmù, sẹ́ńsọ̀ ni wọ́n ń pè é. Sẹ́ńsọ̀ inú P900 ò ju nǹkan bíi mìlímítà 6.2 sí 4.6 lọ, kò tó èékánná ọmọ kékeré. Ti D7200 jẹ́ mìlímítà 23.5 sí 15.6, ó fi bí ìlọ́po 13 tóbi ju tàkọ́kọ́ lọ. "Tójò bá ń rọ̀, tí ẹnì kan gbé ife síta, tí ẹnì kejì gbé agbada síta, ta ló máa rí omi wẹ̀?" Ó ní lọ́sàn-án, òjò ìmọ́lẹ̀ pọ̀, ife náà á kún. Lálẹ́, nígbà tó jẹ́ pé ìrì ló ń sẹ̀, ẹni tó gbé ife síta ò ní í rí nǹkan mu, kámẹ́rà á wá máa fipá wá ìmọ́lẹ̀ tí kò sí, ohun tó ń rí fà jáde ni iyanrìn yẹn.

Ó ní kì í ṣe pé àwọn tó ṣe P900 ò mọ̀. Tí wọ́n bá fẹ́ kí lẹ́ǹsì ẹ̀ ríran tó bẹ́ẹ̀ kí èèyàn sì lè gbé e kọ́rùn, àfi kí sẹ́ńsọ̀ ẹ̀ kéré. Bí lẹ́ǹsì yẹn bá sì ṣe ń gùn síta ni ojú ẹ̀ ń dín, láti f/2.8 títí dé f/6.5, èyí tó túmọ̀ sí pé ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé ò ní í tó ìdá kan nínú márùn-ún tàkọ́kọ́. "Ìwọ dúró lẹ́yìn èrò, o fa Màmá sún mọ́ra. Ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ tó wà nílẹ̀, ìwọ lo tún ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn." Ó ní P900 ò tiẹ̀ ní ibi téèyàn lè fi fíláàṣì ńlá há sí lórí, bẹ́ẹ̀ fíláàṣì tí wọ́n ń tàn sí àjà ló ń gba onífótò lóde alẹ́. Bátìrì ẹ̀ ń ya nǹkan bí fọ́tò 360 kó tó kú, ti D7200 ń ya bí 1,110. Kò yẹ kí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sọ ohun tíyẹn túmọ̀ sí fún ẹni tó ń gbé l'Ékòó. D7200 sì ní ihò káàdì méjì, tó fi jẹ́ pé bí ọ̀kan bá bà jẹ́, fọ́tò ìyàwó ò tíì sọnù.

Ṣùgbọ́n bàbá ò fi DSLR tàn án jẹ o. Ó ní owó ẹ̀ kì í tán, gbogbo lẹ́ǹsì ló ní iye tiẹ̀. Ó ní eruku á máa wọ inú ẹ̀ tí wọ́n bá ń yọ lẹ́ǹsì níbi tí ọyẹ́ ti ń fẹ́. Ó ní láti ọdún 2018 ni Canon àti Nikon ti gbájú mọ́ kámẹ́rà tí kò ní dígí nínú mọ́, ìyẹn ló sì jẹ́ kí tòkunbọ̀ DSLR pọ̀ lọ́jà lówó pọ́ọ́kú. Ó kìlọ̀ fún un pé kó má fi lẹ́ǹsì lásán tó ń bá kámẹ́rà wá lọ òde alẹ́, nítorí ojú tìyẹn náà ò fi bẹ́ẹ̀ là. Èyí tí wọ́n ń pè ní 50 mm f/1.8 ni kó wá, tí kò ní súùmù kankan, tí kì í wọ́n, ṣùgbọ́n tí ojú ẹ̀ là kedere. Ó ní kó bèèrè iye ìgbà tí wọ́n ti tẹ kámẹ́rà náà, torí pé wọ́n dán dígí àti ilẹ̀kùn inú ẹ̀ wò títí dé ìgbà ọ̀kẹ́ méje àti ààbọ̀, ìyẹn 150,000. Èyí tó bá ti sún mọ́ iye yẹn, arúgbó ni, bó ti wù kó máa dán.

Ó wá fi ọ̀rọ̀ kan kún un. Ó ní lọ́dún 1950, nígbà tí J.D. 'Okhai Ojeikere bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ fótò, kámẹ́rà Brownie D lásán ló rà, kò ní fíláàṣì. Ọkùnrin náà ló padà bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun dídì àwọn obìnrin lọ́dún 1968, tí fọ́tò ẹ̀ rìn jìnnà dé òkè òkun kó tó kú lọ́dún 2014. "Kò ra kámẹ́rà tó lè ṣe gbogbo nǹkan. Ó mọ ohun tó fẹ́ yà."

Nígbà tí Baba Ìbejì délé, Ìyá Ìbejì gbé ìwé kan sílẹ̀. Ìwé ọmọ ilé-ìwé ni, ibẹ̀ ló máa ń kọ orúkọ oníbàárà sí, ibi tí òde wà, iye tí wọ́n san àti iye tó kù. Wọ́n tan làǹtánì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ka iṣẹ́ ọdún tó kọjá. Iṣẹ́ 46 ni. Èyí tó jẹ́ inú gbọ̀ngàn tàbí òde alẹ́ nínú ẹ̀ jẹ́ 35. Èyí tó jẹ́ ìta gbangba lọ́sàn-án jẹ́ 8. Ibi tó jìnnà débi pé ẹsẹ̀ ò lè gbé e dé ò ju 3 lọ.

Obìnrin náà pa ìwé dé. Ó ní, "Baba Ìbejì, ẹ má bínú. Nínú àwọn èèyàn yìí àti òṣùpá, ta ló ń san owó ilé-ìwé àwọn ọmọ?" Ọkọ ẹ̀ rẹ́rìn-ín. Obìnrin náà ò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Lọ́jọ́ òde Màmá yẹn, ẹ lè ní kí wọ́n yẹ̀ fún yín. Ẹ lè dé ọ̀dọ̀ Màmá."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ ọ́ lára. Lọ́jọ́ kejì, ó padà sí Ìkẹjà. Ó yẹ D7200 náà wò tinú tòde, wọn ò tíì tẹ̀ ẹ́ dé ìdajì iye tí bàbá sọ. Ó ní kí wọ́n gbé lẹ́ǹsì tó bá a wá kúrò, kí wọ́n fún òun ní 50 mm. Ọlọ́jà wò ó bí ẹni tí orí ẹ̀ dàrú, ó ní, "Ọ̀gá mi, èyí ò ní súùmù o." Ó ní òun mọ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀rọ̀ dẹ̀rọ̀ lójú ẹsẹ̀. Níbi òde àkọ́kọ́ tó gbé e lọ, ó fẹ́ ya ẹbí ọkọ lápapọ̀, lẹ́ǹsì ò gbà wọ́n tán. Ó ń fẹ̀yìn rìn, ó ń fẹ̀yìn rìn, àfi gbàgà tó fi ẹ̀yìn kọ lu ìkòkò ọbẹ̀ àwọn olóúnjẹ. Bàbá ìyàwó kan bínú pé kò ya òun láti ọ̀ọ́kán nígbà tóun ń wọlé. Oṣù mẹ́rin ló fi ń ṣe wàhálà kó tó rí owó ra lẹ́ǹsì kejì tó ń gba èrò. Láàárín ìgbà yẹn, ọ̀rẹ́ ẹ̀ tó wà n'Ígandò ń fi súùmù ńlá tiẹ̀ pa owó níbi eré ìje, ó sì tọ́ sí i. Ibi tí tiẹ̀ ti ń wá nìyẹn.

Nígbà tó pé ọdún kan tí Màmá kú, àwọn ọmọ fẹ́ ṣe ìrántí. Ó ya Baba Ìbejì lẹ́nu pé òun ni wọ́n tún pè. Alẹ́ náà ni, iná náà ò sì dáa. Lẹ́yìn tí wọ́n gbàdúrà tán, àkọ́bí Màmá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, lábẹ́ gílóòbù kan ṣoṣo, ó ń rẹ́rìn-ín sí ọmọ tó sùn lẹ́sẹ̀ ẹ̀. Baba Ìbejì ní, "Àwọn àǹtí, àwọn ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yẹ̀ fún mi díẹ̀." Ó rìn dé iwájú obìnrin náà, ó kúnlẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta.

Lọ́sẹ̀ kejì, obìnrin náà wá sí ṣọ́ọ̀bù. Baba Ìbejì fẹ fọ́tò náà lójú kọ̀ǹpútà níṣojú ẹ̀, ó fẹ̀ ẹ́, ó tún fẹ̀ ẹ́. Ìlà ojú ń bẹ níbi tí wọ́n wà. Wọ́n lè ka ewú tó wà létí gèlè. Obìnrin náà dákẹ́ fúngbà díẹ̀. Ó ní, "Mo jọ màmá mi o."

Ó ṣí àpamọ́wọ́ ẹ̀. Ó ní, "Baba Ìbejì, ẹ bá mi tẹ èyí tó tóbi. Ẹ má jẹ́ kó di ọjọ́ tí wọ́n bá ń wá a."